Ẹ̀dà Kẹta Orin Ọkọ̀

Àkíyèsí mọ́kànlélógún ni ẹ̀rọ ṣe sí ẹ̀dà kìíní. Ẹyọ kan péré ló ṣe sí ẹ̀dà kejì, àmọ́ ẹyọ kan ọ̀hún ju mọ́kànlélógún lọ.

Ìyùnadé àti Àwẹ̀ró dúró níwájú gíláàsì gbọọrọ tó wà nínú gbọ̀ngán Ilé Àyẹ̀wò. Ìyùnadé ló ya fídíò náà, Àwẹ̀ró ló kọrin inú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù tò sẹ́yìn wọn, oníkálukú gbé kámẹ́rà kọ́rùn, èdìdì pupa sì wà lára kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan tó fi hàn pé ẹni tó gbé e kò tíì gba ìwé-àṣẹ. Olùyẹ̀wò ni ìjọba sọ ẹ̀rọ inú gíláàsì náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Ọkọ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí ìyàwó gbálẹ̀, kò mọ́ tó. Bí ó sebẹ̀, iyọ̀ ti pọ̀ jù.

“Ìṣẹ́jú kìíní, ìṣẹ́jú-àáyá ogún,” ni Ìyá Ọkọ wí, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí kò gbóná tí kò tutù. “Ẹnu sọ pé ọkọ́. Ojú rí ọkọ̀. Ẹnu àti ojú kò bára mu. Ẹ̀dà kejì kò yege. Ó ku ẹ̀dà kan.”

Ìyùn kọ́kọ́ rò pé nǹkan ti yí nínú ẹ̀rọ náà. Ó fa ìwé tí wọ́n kọ orin sí yọ lápò, ó nà án sí gíláàsì, ó ní kó wò ó dáadáa, àmì ìsàlẹ̀ ló wà lórí ọ̀rọ̀ náà, ọkọ̀ tí wọ́n ń tù lórí omi ni àwọn kọ. Ẹ̀rọ náà ní òun kì í ka ìwé, etí lòun fi ń gbọ́ orin. Ló bá gbé ibi tó ń wí nípa rẹ̀ sí etí gbogbo èèyàn. Ohùn Àwẹ̀ró jáde, ó dùn, ó mọ́ gaara, ó ń kọ ègbè tí àwọn méjèèjì ti ń kọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn:

*Ọkọ̀ bàbá mi kì í sùn,*
*Òun ló bọ́ wa, òun ló daṣọ bò wá.*

Àmọ́ nígbà tí ohùn náà dé ìdajì ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ṣe ló gòkè. Kò sọ̀kalẹ̀ rárá. Ọkọ́ ló pè é, ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè. Ẹnìkan pòṣé lẹ́yìn, ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín fi gba gbọ̀ngán. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní kí wọ́n má dá Ìyá Ọkọ lẹ́bi, pé ọkọ nìkan ni ìyá ọkọ mọ̀, kí ló kàn án nínú ọkọ̀. Àwẹ̀ró sọ orí kọ́. Ẹni tó bá kọ orin, ohun tó ní lọ́kàn ló máa ń gbọ́. Àwọn méjèèjì ti gbọ́ ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ ló wà nílẹ̀, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ Òfin Ojú-Lọ̀rọ̀-Wà sókè gíláàsì náà gàdàgbà: OHUN TÍ ẸNU BÁ SỌ NI KÍ OJÚ RÍ. Láyé àwọn òbí wọn, ẹnikẹ́ni lè jókòó sí yàrá rẹ̀ kó fi ẹ̀rọ ya ojú ẹlòmíràn, kó sì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ọba tí kò jáde láàfin á kàn bá ara rẹ̀ nínú fídíò níbi tó ti ń ta ilẹ̀ ìlú. Wọ́n ti torí irú fídíò bẹ́ẹ̀ sun odindi ọjà méjì kí ìjọba tó ní ó tó. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán tí ará ìlú máa wò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á, ó sì gbọ́dọ̀ gba ìwé-àṣẹ. Ẹ̀dà mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ní. Ẹni tí ẹ̀dà kẹta rẹ̀ kò bá yege yóò bọ́ kámẹ́rà lọ́rùn, yóò fi í sínú àpótí ẹnu ọ̀nà, yóò sì lọ bá àwọn tó ń nu gíláàsì oòrùn, èyí tó ń fún ìlú ní iná, lórí òkè kejì. Iṣẹ́ gidi niṣẹ́ ọ̀hún. Ìyùn ti fi ìsinmi ọdún kan ṣe é rí, ó sì mọ̀ pé òun ò fẹ́ ṣe é mọ́ láyé òun.

Wọ́n kó ara wọn lọ sọ́dọ̀ Tíṣà Oyèlárán.

Tíṣà Oyèlárán ló ń kọ́ wọn ní fídíò yíyà. Ọkùnrin kúkúrú ni, kì í yin èèyàn, orógbó kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe máa ń wo iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò yí padà rí: á kọ́kọ́ pa ohùn, á wo àwòrán lásán, lẹ́yìn náà á kọ ẹ̀yìn sí àwòrán, á gbọ́ ohùn lásán, ìgbà kẹta ló máa tó wo méjèèjì pa pọ̀. Ó ní iṣẹ́ tí kò bá lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn. Òun ló ti bá wọn yanjú àkíyèsí mọ́kànlélógún ti ẹ̀dà kìíní. Nínú ẹ̀dà yẹn, Ìyùn ti da omi sínú agbada ńlá, ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ kí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé wọn dà bí èyí tó léfòó lórí òkun. Ìyá Ọkọ ka ìró omi náà, ó ní kò ju gálọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ. Tíṣà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ó ní kó lọ ya ọkọ̀ náà bó ṣe wà gan-an, lórí ilẹ̀. Ìyùn sì lọ yà á bẹ́ẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, Tíṣà wò, ó gbọ́, ó tún wò, kò rẹ́rìn-ín.

Àwẹ̀ró yára sọ fún un pé àwọn á kàn rẹ ohùn sílẹ̀ níbẹ̀ ni, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ọjọ́ kan ti tó fún un.

“Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ńkọ́?” ni Tíṣà wí. “Ẹ ti bọ́ sínú irọ́ mìíràn nìyẹn. Kí lorin yín wí? Ó ní kì í sùn. Mo sì wo ọkọ̀ yẹn, Ìyùnadé. Adìẹ ló ń yé sínú ẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyùn lára dé egungun. Bàbá rẹ̀ ló fi okùn àti èjìká wọ́ ọkọ̀ ọ̀hún gun òkè yìí, lọ́dún tí òkun gba Òde-Ìgbòkun tí wọ́n kó gbogbo wọn wá sí Ìdó-Òkè. Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń tún Ìwé Ìlú kọ, tí ẹ̀rọ bá bi í níṣẹ́ tó ń ṣe, atukọ̀ ló máa ń sọ. Nítorí náà ni orúkọ rẹ̀ fi wà nínú Ìwé Àwọn Apadà, ìyẹn orúkọ àwọn oníṣẹ́ omi tí wọ́n máa kọ́kọ́ kó padà sílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ odi òkun tán. Odi ọ̀hún kò tíì ga dé orúnkún, gbogbo ayé ló mọ̀. Ìjọba pín ilẹ̀ oko fún un bó ṣe pín in fún gbogbo ilé, ó sì gbà á, àmọ́ ó ní kí ebi má baà pa ọmọ òun ni, pé òun kàn ń bá wọn tọ́jú ilẹ̀ ni.

Tíṣà wo Ìyùn títí. Lẹ́yìn náà ó bi í ní ìbéèrè kan pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

“Kí ni kì í sùn nílé yín?”

Tíṣà ní kó má wulẹ̀ dáhùn, kó gbé ẹ̀dà kejì lọ fi han ẹni méjì tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ máa ń sọ pé ó dára, ẹbí máa ń sọ pé ó dára, ẹni tí ẹ bá jọ ń bára yín jà nìkan ló máa ń sọ ibi tó ti wọ́.

Agídí Ìyùn kì í ṣe kékeré. Ó ṣì fẹ́ kó jẹ́ ọkọ̀ dandan. Ó ní kí Àwẹ̀ró rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Dúnmọ́mi tó wà ní ilé kejì, ẹni tó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò kí wọn nítorí pé àwọn adìẹ inú ọkọ̀ ń tú ata rẹ̀. Ìyá àgbà náà gba kámẹ́rà, ó gbé e sétí bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. Orin parí. Ó ronú díẹ̀.

“Ta ni ọkọ bàbá rẹ?” ni ó béèrè, tọkàntọkàn.

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìlàjì ló rẹ ohùn náà sí, kò lọ sókè, kò sì dé ìsàlẹ̀. Bàbá Ìyùn ti wá di ẹni tó lọ́kọ. Wọ́n tún un kọ. Àwẹ̀ró rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ jáde kedere. Ìyá Dúnmọ́mi ní ó ti yé òun wàyí, ó yán, ó ní àmọ́ ó dà bí orin tí wọ́n fi ń sìnkú. Ó dá kámẹ́rà padà, ó sì rán wọn létí ọ̀rọ̀ adìẹ.

Ẹnìkejì ni Gbádébọ̀ tó ń ṣọ́ táǹkì omi. Ọmọ òkè gan-an ni, baba ńlá rẹ̀ ló ni àpáta tí wọ́n gbé táǹkì lé. Ìjà òun àti bàbá Ìyùn ti pẹ́, láti ọjọ́ tí bàbá náà ti sọ lójú èèyàn pé àwọn ará òkè ò mọ ìwẹ̀ẹ́ wẹ̀, pé ife omi kan ni wọ́n fi ń wẹ odindi èèyàn. Ọmọ Atukọ̀ ló ń pe Ìyùn, kì í sì í pè é pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó gbọ́ orin tuntun náà láìjẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ẹnu ẹ̀rọ omi. Nígbà tó parí, ó mi orí.

“Ẹ ti pa á,” ni ó wí. “Kí lẹ pa á fún?”

Ìyùn ní àwọn tún un ṣe ni, pé ọkọ́ ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ló sì yẹ kó jẹ́. Gbádébọ̀ ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ kó jẹ́ ọkọ̀. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí Àwẹ̀ró ti ń fi ẹ̀yìn àpáta yìí ṣe ibi ìkọrin, ẹni tó bá wá pọnmi ló ń gbé e lọ, wọ́n sì ti fi ń kọ ebè ní gbogbo oko ẹ̀gbẹ́ òkè. Ó tiẹ̀ kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kò dùn, àmọ́ bó ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà sókè ni apá rẹ̀ gbéra, bó sì ṣe parí ẹsẹ̀ náà ni apá sọ̀kalẹ̀, Ìyùn sì rí ọkọ́ níbi tí ọkọ́ kò sí.

“Bàbá ẹ pàápàá ń gbè é,” ni Gbádébọ̀ wí.

Ìyùn ní bàbá òun kì í kọrin. Kò kọrin láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò ní etí òkun.

“Ṣó o ti dé oko bàbá ẹ rí?”

Kò dé ibẹ̀ rí. Bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ó máa ń sọ pé kò sí nǹkan kan tí èèyàn lè wò níbẹ̀, pé kó lọ kàwé. Gbádébọ̀ pọn omi fún wọn, ó sì fi korobá kan lé e.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti jáde, Ìyùn gba ọ̀nà oko. Ọ̀nà náà dagẹ̀rẹ̀, erùpẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀. Ọkọ́ ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ya lọ́dún kan, ó sì gbé ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ kan lọ tòun ti ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ìjọba ní ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ òkè mọ́ títí ayé. Ó gbọ́ wọn kó tó rí wọn. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́sàn-án ń kọrin, orin rẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ.

Bàbá rẹ̀ ló wà ní ìkangun. Ẹsẹ̀ kan wà níwájú, ẹsẹ̀ kejì fẹ̀yìn ti ebè, ó ń fa ọkọ́ lápá òsì lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fà á lápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ara rẹ̀ láti ìbàdí lọ sókè sì ń fì. Kò sẹ́ni tó ń roko bẹ́ẹ̀. Ìyùn ti rí ìfì ara yẹn rí, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ tó jókòó sí iwájú ọkọ̀ tó ń wo bàbá rẹ̀ tó ń tukọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo sí i pé kó tù ú, kó tù ú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń gbè. Ilẹ̀ ń kúrò lọ́nà fún un. Ebè rẹ̀ ti jìnnà síwájú ti gbogbo wọn.

Inú Ìyùn dùn, ó sì bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò gbé kámẹ́rà sójú. Òfin kò gbà á láìgba àyè lọ́wọ́ olójú, àmọ́ kì í ṣe òfin ló dá a dúró.

Bí bàbá náà ṣe gbójú sókè, ó rí i. Ló bá yára fi ọkọ́ pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Orin dáwọ́ dúró. Ó bi í pé ta ló júwe ibí yìí fún un, Ìyùn ní Gbádébọ̀ ni, bàbá rẹ̀ sì pòṣé tó gùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n ń kúrò nídìí ọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ mumi.

Ìyùn kúnlẹ̀ kí i. Lẹ́yìn náà ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí.

“Bàbá, ẹ̀rọ ní ọkọ́ ni mo sọ. Ní gbogbo ibẹ̀. Ọkọ̀ yín ni mo ń kọ, mi ò mọ̀.”

“Mo gbọ́ ọ,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́ lẹ́yìn ilé ni mo ti gbọ́ ọ.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

Bàbá rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Ó ń wo ebè rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

“Mo rò pé o mọ̀ ni. Mo kọ́kọ́ rò pé ò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, pé ọmọ mi ti mọ ohun tí mò ń ṣe lóko. Ó dùn mí. Mo wá tún un gbọ́ dáadáa. Òun ló bọ́ wa, òun ló daṣọ bò wá. Mo ní hà, ó ń yìn mí ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ọ́.”

Ìyùn sunkún níbẹ̀, kò sì fi pamọ́. Ó fẹ́ sọ fún un pé òun kò mọ̀ pé òun ń yìn ín, pé àṣìṣe ni. Kò sọ ọ́. Ó ti rí ohun tí kì í sùn nílé wọn.

Bàbá rẹ̀ mú ọkọ́ jáde láti ẹ̀yìn, ó fi lélẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ó béèrè pé ọjọ́ mélòó ló kù fún ẹ̀dà kẹta. Ìyùn ní mọ́kànlá. Bàbá rẹ̀ ní kó gbé kámẹ́rà sókè nígbà náà.

“Bàbá, tí ojú yín bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ máa pè yín. Ó máa bi yín níṣẹ́ yín, ẹ ò sì lè sọ ohun tí àwòrán ò sọ. Ìwé Àwọn Apadà ńkọ́?”

“Ya àwòrán ná,” ni ó wí. “Oòrùn ń lọ.”

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi yà á. Ó fi mẹ́rin tò ó. Iṣẹ́ títò ló le jù, nítorí pé gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti hàn ló gbọ́dọ̀ kúrò, ibẹ̀ ló sì rò tẹ́lẹ̀ pé ó rẹwà jù. Ó gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwẹ̀ró náà ní kó gé ibi tí ojú òun ti gba gbogbo àwòrán, pé orin náà kì í ṣe tòun mọ́, kó jẹ́ kí àwọn mẹ́sàn-án yẹn gbè é, kí ohùn òun wà láàárín wọn. Èèyàn tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa ojú ara rẹ̀ kò pọ̀, Ìyùn sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ohùn padà sí òkè, síbi tó wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tíṣà pa ohùn, ó wò. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó gbọ́. Ó wo méjèèjì pa pọ̀. Orógbó dúró lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù: ní ìparí, kámẹ́rà wo ojú bàbá náà pẹ́ jù.

“Gé e kù,” ni ó wí. “Ibẹ̀ yẹn, ṣe lò ń bẹ̀ wá pé ká sunkún. Má bẹ̀ wá.”

Ìyùn gé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà. Ó dùn ún, àmọ́ nígbà tó tún un wò, ó rí i pé òótọ́ ni Tíṣà sọ.

Ní ọjọ́ kọkànlá, òun, Àwẹ̀ró àti bàbá rẹ̀ dúró níwájú gíláàsì. Bàbá náà wọ bùbá funfun kan tó ti há mọ́ ọn léjìká. Ìyá Ọkọ wo fídíò náà tán, kò sọ nǹkan kan, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ̀rọ wá ní òun ti rí ẹnìkan nínú àwòrán tó wà níbí, kó jọ̀wọ́ fi ìka rẹ̀ sí gíláàsì. Ìka tó fi síbẹ̀ ti le, gíláàsì kò tètè kà á, ó ní láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

“Akíntọ́mídé, ará Òde-Ìgbòkun,” ni ẹ̀rọ wí. “Ẹ fara mọ́ ọn kí ará ìlú rí yín?”

“Mo fara mọ́ ọn.”

“Iṣẹ́ yín?”

Ìyùn wo ẹnu bàbá rẹ̀. Ó mọ ohun tó máa ń jáde níbẹ̀ lọ́dọọdún, ó mọ̀ pé bó bá tún jáde lónìí, ẹnu àti ojú kò ní bára mu, ẹ̀dà kẹta bọ́ nìyẹn, kámẹ́rà bọ́ sínú àpótí. Ó tún mọ ohun tí yóò sọ nù bó bá sọ èkejì. Nísàlẹ̀ gíláàsì, bọ́tìnì kan wà tí wọ́n kọ MO GBÀ Á PADÀ sí lára. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti gba fídíò rẹ̀ padà, kò sì ní ẹ̀dà mìíràn, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa bi bàbá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè mọ́. Ìyùn rò ó pé gíláàsì oòrùn kò burú. Àwọn tó ń nù ún ń jẹun, wọ́n ń sùn. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnì náà.

Bàbá rẹ̀ rí ọwọ́ náà.

“Gbọ́wọ́ ẹ kúrò níbẹ̀,” ni ó wí fún un, jẹ́jẹ́. Ó kọjú sí gíláàsì. “Àgbẹ̀ ni mí.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ọdún mẹ́sàn-án.”

Ẹ̀rọ náà kò dúró rárá. Ó fi ohùn rẹ̀ tí kò gbóná tí kò tutù sọ pé wọ́n ti tún Ìwé Ìlú ṣe, orúkọ Akíntọ́mídé ti kúrò nínú Ìwé Àwọn Apadà, ẹnu àti ojú bára mu, kò sí àkíyèsí kankan, ẹ̀dà kẹta yege. Èdìdì ara kámẹ́rà Ìyùn já fúnra rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́, Àwẹ̀ró dì mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ìyùn kọjú sí bàbá rẹ̀ láti dúpẹ́. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbọ̀ngán, níwájú ẹ̀rọ àti gbogbo èèyàn, ó sì dorí kodò. Bàbá rẹ̀ dúró tì í díẹ̀, ó ń wo gíláàsì bí ẹni tó ṣì ń retí pé kí wọ́n bi òun ní nǹkan mìíràn. Nígbà tí kò sí nǹkan mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un lápá.

“Dìde,” ni ó wí. “Wọ́n ń retí mi lóko.”